Nọ́ńbà Kan, Ọrùn Méjì: Bí Wọ́n Ṣe Tọpasẹ̀ Gìtá Báàsì 1964 Kan Tí Olóhun Rẹ̀ Tà Tó sì Kábàámọ̀

Ní oṣù Kejì ọdún 1984, onígìtá báàsì kan ní London gbé Fender Precision Bass rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Denmark Street. Ó gba owó lọ́wọ́ wọn, ó sì fi san owó ilé tó ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ọdún 1964 ni wọ́n ṣe gìtá náà ní Fullerton, ní ìpínlẹ̀ California. Aláwọ̀ sunburst ni (yẹ́lò láàárín, tó ń ṣókùnkùn lọ sí etí), òun náà sì rà á ní àlòkù ní 1972. Ẹnikẹ́ni ò fipá mú un tà á. Lásìkò yẹn, kíbọọ̀dù ló ń gba iṣẹ́ báàsì nínú ọ̀pọ̀ orin tó ń jáde, àwọn tó sì ṣì di gìtá mú ń wá èyí tó ń lo bátìrì tàbí èyí tí kò lórí rárá. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, gìtá tó ti pé ogún ọdún ti gbó nìyẹn. Ilé iṣẹ́ CBS ló ra Fender ní oṣù Kìíní 1965, èyí tí wọ́n sì ṣe ṣáájú ìgbà náà ló wá di ohun tí gbogbo ayé ń wá lónìí. Nígbà tí ọkùnrin náà máa fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá tirẹ̀, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti tà á.

Ohun kan wà tó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ bá ènìyàn wá irú gìtá bẹ́ẹ̀ là yé e lọ́jọ́ kìíní: títà yàtọ̀ sí kí wọ́n jí nǹkan ẹni. Bó ṣe gba owó tó sì jáde ní ṣọ́ọ̀bù, gìtá ti di ti ẹlòmíì, gbogbo ẹni tó rà á lẹ́yìn ìgbà náà ló sì rà á lọ́nà ẹ̀tọ́. Kò sí ohun tí ọlọ́pàá tàbí lọ́yà fẹ́ wá ṣe níbẹ̀. Sùúrù àti ẹ̀bẹ̀ nìkan ló kù, ọ̀nà tí wọ́n bá sì gbà bẹ̀bẹ̀ lè ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́. Ó bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀kan nínú ọ̀ràn yìí, a ó débẹ̀.

Ohun tó wà lọ́wọ́

Fọ́tò mẹ́ta láti orí ìtàgé ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀kan péré ló ní àwọ̀, 1976 ni wọ́n yà á. Rìsíìtì kan tún wà láti ọwọ́ alátùn-únṣe tó pààrọ̀ àwọn fret (irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ojú ọrùn gìtá) ní 1979. Kò rántí nọ́ńbà gìtá náà rárá.

Kí olùwá, ìyẹn ẹni tó ń bá a wá gìtá náà, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó gbà á láyè láti wo fọ́tò kankan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní kó jókòó kó kọ gbogbo ohun tó rántí sílẹ̀. Ìgbésẹ̀ yìí ṣe pàtàkì ju bí ènìyàn ṣe lè rò lọ. Ẹni tó bá ti wo ogójì Precision aláwọ̀ kan náà, kò ní í pẹ́ tí yóò fi máa rántí àpá tó wà lára gìtá ẹlòmíì bí ẹni pé tirẹ̀ ni. Wọ́n pín àkọsílẹ̀ náà sí mẹ́ta: ohun tó fojú ara rẹ̀ rí, ohun tí wọ́n sọ fún un, àti ohun tó wà nínú ìwé. Kí ẹnikẹ́ni má da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀.

Àmì tó rántí dáadáa pé mẹ́rin. Igi kékeré tí ìka máa ń sinmi lé, tí ilé iṣẹ́ máa ń kàn mọ́ ìsàlẹ̀ okùn tó tín-ín-rín jù nígbà náà, ó ti ṣí i lọ sí apá òkè kí àtàǹpàkò lè sinmi lé e, ihò méjì sì kù lójú ibi tó ti kúrò. Ó ti ṣí ibi tí wọ́n ń fi strap (okùn èjìká) kọ́ kúrò ní ṣóńṣó ìwo òkè, apá tó yọ jáde bí ìwo lára gìtá, lọ sí ẹ̀yìn gìtá, ó sì fi igi dí ihò àtijọ́. Àpá iná sìgá wà ní orí gìtá, ní òkè ọrùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń yí okùn E, èyí tó nípọn jù. Fret tuntun tó nípọn ju ti àtijọ́ lọ ló sì wà lọ́rùn rẹ̀.

Wọ́n fi méjì nínú mẹ́rin pa mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: ihò tí wọ́n fi igi dí àti àpá sìgá. Wọn ò kọ ọ́ síta níbikíbi. Ẹni tó bá ní òun ní gìtá náà, òun ni yóò fẹnu ara rẹ̀ sọ wọ́n.

Nọ́ńbà tó ṣì wọ́n lọ́nà

Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí ìwé adójútòfò ti 1978 láàárín àwọn ìwé ẹbí. Nọ́ńbà gìtá wà níbẹ̀, wọ́n fi táípù tẹ̀ ẹ́: díjíìtì mẹ́fà, 142 ló ṣáájú. Inú gbogbo ènìyàn dùn. Wọ́n gbé nọ́ńbà náà kiri, wọ́n fi sínú ìpolówó, wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn oníṣòwò gìtá àtijọ́, wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ oṣù wá a.

Stratocaster kan ni wọ́n rí. Nọ́ńbà náà ni gẹ́ẹ́, láìyẹ̀ díjíìtì kan, gìtá olókùn mẹ́fà ni. Fender ò ya nọ́ńbà sọ́tọ̀ fún irú gìtá kọ̀ọ̀kan lásìkò yẹn. Inú àpótí kan náà ni wọ́n ti ń mú àwo irin tó ní nọ́ńbà fún gbogbo wọn. Tí Stratocaster bá ti ní nọ́ńbà yìí, kò jọ pé báàsì kankan tún lè ní in.

Ibẹ̀ ni ẹnì kan ti padà sórí rìsíìtì 1979. Láti pààrọ̀ fret, alátùn-únṣe náà ti tú ọrùn kúrò lára gìtá, ó sì da òǹtẹ̀ tó wà ní ìdí ọrùn kọ sórí ìwé rẹ̀: 5 MAR 64 C. Precision Bass ni 5 dúró fún, Jazz Bass ni ì bá jẹ́ ká ní 7 ni. C ń sọ bí ọrùn ṣe fẹ̀ tó níbi tí okùn ti ń bọ́ sórí gìtá, ìyẹn íǹṣì kan àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Oṣù Kẹta 1964 ni ọjọ́ ọrùn náà. Nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 142 kì í sì í ṣe ti 1964. Ìgbà tí CBS ti gbà á ni irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ jáde.

Ìwé méjì, ọ̀rọ̀ méjì. Lẹ́tà L ló là á. Láti nǹkan bí ìparí 1962 títí wọ 1965, Fender ń fi L ṣáájú díjíìtì márùn-ún. Akọ̀wé adójútòfò rí L, ó kà á sí 1. L42 ni, kì í ṣe 142, L42 sì bọ́ sí àárín àwọn nọ́ńbà 1964. Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ nínú ìwé adójútòfò, ìwé gbèsè àti ìwé ọlọ́pàá, nítorí pé kò sí ìdí tí akọ̀wé fi máa retí lẹ́tà níbẹ̀. Ẹni tó bá rí díjíìtì mẹ́fà tí 1 ṣáájú lórí ìwé báàsì ọdún wọ̀nyẹn, kó fi L wá a pẹ̀lú kó tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé nọ́ńbà ń sọ oṣù. Òṣìṣẹ́ kan ń ki ọwọ́ bọ inú àpótí, ó ń mú àwo tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́. Àwo tó ní nọ́ńbà gíga lè wà lára gìtá tí wọ́n ṣe ṣáájú. Nọ́ńbà ń fi ọdún hàn fẹ́rẹ̀ẹ́fẹ́rẹ̀ẹ́, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Irú ìbẹ̀rẹ̀ tó wọ́ yìí ti da ìwákiri ńlá rú rí. Höfner 500/1, báàsì tí Paul McCartney ti ẹgbẹ́ Beatles rà ní Hamburg ní 1961, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi gbà pé ní 1969 ló sọnù. Ìgbà tí àwọn tó ń wá a tún polówó ọ̀rọ̀ náà ní 2023 ni ẹnì kan tó ti bá Wings, ẹgbẹ́ olórin tí McCartney dá sílẹ̀ lẹ́yìn Beatles, ṣiṣẹ́ jáde wá sọ pé inú ọkọ̀ kan ní Notting Hill ni wọ́n ti jí i, ní oṣù Kẹwàá 1972. Bí ọjọ́ àti àdúgbò ṣe tọ́, láàárín oṣù díẹ̀ ni wọ́n rí i. Ọdún mẹ́ta péré ni àṣìṣe náà, ibi tí kò tọ́ ló sì ní kí wọ́n máa wá a sí.

Láti Denmark Street dé Jámánì

Ṣọ́ọ̀bù tó ra gìtá náà ti kógbá sílé, ìwé ìṣirò rẹ̀ ò sì sí mọ́. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, kò yẹ kó pá ènìyàn láyà. Ohun tó sábà máa ń kù ni ìpolówó. Àwọn ṣọ́ọ̀bù London máa ń to ohun tó wà lórí àtẹ wọn sínú Melody Maker lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àwọn ẹ̀dà ìwé ìròyìn náà sì wà ní ìpamọ́ ní British Library. Wọ́n ka àwọn tó jáde ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lẹ́yìn ọjọ́ títà. Precision 64 aláwọ̀ sunburst hàn nínú àtẹ ṣọ́ọ̀bù náà, ó sì tún pòórá lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Kò sí nọ́ńbà lára ìpolówó, ṣùgbọ́n wọ́n ti mọ ìgbà tó kúrò ní London lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀kan nínú àwọn tó ti ta ọjà níbẹ̀ rí sọ fún wọn pé àwọn oníbàárà tó ń ra Fender àtijọ́ lọ́wọ́ wọn lọ́dún náà, ará ilẹ̀ Yúróòpù ni púpọ̀ nínú wọn. Ó di dandan kí wọ́n wá a ní èdè mìíràn.

Àwọn tó ń ta gìtá olówó ńlá kì í sábà kọ nọ́ńbà tán síta. L42 ni wọ́n máa kọ, kí wọ́n tó fi ìràwọ̀ mẹ́ta dí ìyókù. Nítorí náà, ẹni tó bá ń fi odindi nọ́ńbà wá nǹkan kò ní í rí irú ìpolówó bẹ́ẹ̀ láé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi L42, 1964 àti orúkọ gìtá wá a, wọ́n sì lo ìpamọ́ àwọn ojú-ewé àtijọ́ tó wà ní Wayback Machine láti wo ojú-ewé àwọn oníṣòwò tí ọjà wọn ti tà tipẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bá ìpolówó oníṣòwò kan ní Jámánì, ti ọdún 2009.

Àwọ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ já wọn kulẹ̀. Nínú fọ́tò 1976, pupa inú sunburst náà hàn kedere. Ní 2009, yẹ́lò àti dúdú nìkan ló kù. Oòrùn ló ń jẹ pupa àwọn ọdún wọ̀nyẹn, èyí sì ni kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni fi àwọ̀ dá irú gìtá bẹ́ẹ̀ mọ̀ tàbí kó fi í kọ̀ ọ́. Ohun tó dájú ni pickguard, àwo pẹlẹbẹ tó bo ojú gìtá. Sẹ́lúlọ́ìdì aláwọ̀ ìgbá ahun ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n da àwọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ bó ṣe wá, bí ó sì ṣe rí lórí ọ̀kan kò lè rí bẹ́ẹ̀ lórí èkejì. Ó jọ ìlà orí ìka ènìyàn. Wọ́n fi fọ́tò 1976 àti ti 2009 síra. Àbàwọ́n pupa kan tó gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ pickup (ẹ̀rọ tó ń gba ohùn okùn) bára mu, ihò méjì tó wà lábẹ́ okùn G, èyí tó tín-ín-rín jù, náà bára mu, ìwo òkè sì ní ibi róbótó kan tí àwọ̀ rẹ̀ ṣókùnkùn. (Ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n fọkàn tán pickguard nìkan ni pé sẹ́lúlọ́ìdì àtijọ́ máa ń sún kì, ó máa ń là, wọ́n sì lè tú u fún gìtá mìíràn.)

Láàárín àkókò yìí, ẹnì kan ti kọ̀wé pé òun ló ní gìtá náà, pé kí wọ́n fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí òun má baà tà á fún ẹlòmíì. Fọ́tò tó fi ránṣẹ́ dára gan-an. Wọ́n bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: kí ló wà ní ṣóńṣó ìwo òkè? Ó ní kò sí nǹkan kan, pé ó mọ́ tónítóní. Ọ̀rọ̀ òun parí síbẹ̀.

Lẹ́tà méjì

Oníṣòwò Jámánì náà kò gbà láti dárúkọ ẹni tó rà á. Òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ènìyàn ní Yúróòpù láti 2018 ò gbà á láyè, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ohun tó lè ṣe ni kó bá wọn fi lẹ́tà ránṣẹ́.

Olùtà, ìyẹn ọkùnrin London tó ta gìtá náà ní 1984, ló kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀. Ó pe gìtá náà ní “báàsì mi”, ó ní òun ti wá a títí, ó sì parí rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè pé èló ni. Ẹ wo bí yóò ṣe rí létí ẹni tó gbà á: àlejò kan ní ilẹ̀ òkèèrè ní nǹkan tó wà ní ilé rẹ ti òun ni. Ẹ̀rù á bà á pé wọ́n jí i ni, pé ẹjọ́ ń bọ̀. Èsì kankan ò wá.

Wọ́n jẹ́ kí oṣù díẹ̀ kọjá kí wọ́n tó kọ èkejì, olùwá ló sì kọ ọ́. Ìlà kejì ti sọ pé ṣe ni wọ́n ta gìtá náà, pé kò sẹ́ni tó jí i, pé ẹni tó tà á gbà pé òun ò ní ẹ̀tọ́ kankan lórí rẹ̀ mọ́. Wọ́n fi ẹ̀dà fọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú rẹ̀ pé kí olóhun, ẹni tó ní gìtá náà báyìí, fi pa mọ́, bó bá fèsì tàbí bí kò fèsì. Kò sí ọ̀rọ̀ owó níbẹ̀ rárá. Ìtàn gìtá tí ènìyàn ò lè rí rà níbòmíì ni lẹ́tà náà gbé wá, kò bèèrè ohunkóhun. Olóhun fèsì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, inú rẹ̀ dùn láti mọ ẹni tó wà nínú fọ́tò.

Orí tí kò ní àpá

Wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó ya fọ́tò orí gìtá, ìwo òkè, ẹ̀yìn, àwo irin, àti ìdí ọrùn bó bá rí alátùn-únṣe tó lè tú u. Fọ́tò dé. Nọ́ńbà L42 pé. Ihò tí wọ́n fi igi dí wà níbẹ̀. Wọ́n wo orí gìtá: kò sí àpá sìgá. Fret náà tín-ín-rín, ti ilé iṣẹ́ láti 1964.

Ẹni tó bá yára á ní kì í ṣe òun. Àpá sìgá ni àmì tí wọ́n ti fi pa mọ́ láti fi mú onírọ́, òun náà ló sì kùnà yìí. Ìgbà tí wọ́n tú ọrùn ni ọ̀rọ̀ yé wọn. Òǹtẹ̀ ìdí rẹ̀ kà pé 5 AUG 64 C. Rìsíìtì 1979 ní oṣù Kẹta, ọrùn tó wà lára rẹ̀ báyìí ní oṣù Kẹjọ. Pot tó ń gbé ohùn sókè-sódò ní kóòdù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 304, èyí tó ń tọ́ka sí Stackpole tó ṣe é, ọdún tó sì tẹ̀ lé e nínú kóòdù náà ni 64. Ara gìtá náà ni, wáyà inú rẹ̀ ni, àwo rẹ̀ ni. Ọrùn ló yàtọ̀.

Skúrù mẹ́rin ló so ọrùn Fender mọ́ ara rẹ̀. Láàárín 1984 sí 2009, ẹnì kan tú u, ó fi ọrùn mìíràn tí ọjọ́ orí rẹ̀ sún mọ́ ọn síbẹ̀, bóyá nítorí pé ti àkọ́kọ́ tẹ̀, bóyá nítorí pé fret tí wọ́n ti pààrọ̀ máa ń dín owó gìtá kù, tí ọrùn tó ní fret ilé iṣẹ́ sì ń tà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ ló jẹ́ ti 1964. Kò sí oníṣòwò tó lè fura. Rìsíìtì kékeré yẹn nìkan ló mọ̀ pé àwọn méjèèjì ò bẹ̀rẹ̀ ayé pọ̀.

Ìpinnu tó le jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà ló wá délẹ̀: ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún? Olóhun ti san owó gìtá tí gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ bára wọn jáde, ìsọfúnni yìí sì lè gé owó rẹ̀. Olùwá sọ fún olóhun kó tó sọ fún olùtà. Ìyẹn tọ́. Ohun-ìní olóhun ni, òun ló sì fi inú rere tú ọrùn tí kò sẹ́ni tó lè fipá mú un tú. Bí wọ́n bá ti kọ́kọ́ sọ fún olùtà, wọ́n ì bá ti fún ẹni tó fẹ́ ra gìtá ní ohun tó lè fi já owó wálẹ̀. Wọ́n tún bèèrè lọ́wọ́ olóhun bóyá ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wà ní kíkọ. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́, ó sì fi ẹ̀dà rìsíìtì náà sínú àpótí gìtá rẹ̀.

Olùtà gbọ́ ọ níkẹyìn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún un, nítorí ọrùn ni ọwọ́ onígìtá ń mọ̀. Fífẹ̀ rẹ̀ àti bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe yí ni ènìyàn ń rántí lẹ́yìn ogójì ọdún. Síbẹ̀, ó ṣì ń fẹ́ ara gìtá náà.

Olóhun ò fẹ́ tà á. Àdéhùn tí wọ́n kọ ni pé bí ó bá fẹ́ tà á lọ́jọ́ kan, olùtà ni yóò kọ́kọ́ gbọ́, yóò sì ní ọjọ́ ọgọ́ta láti fèsì. Oníṣòwò méjì tí kò sí èyí tó máa ra gìtá náà ni yóò dá iye lé e, iye àárín ni wọ́n máa lò, wọ́n á sì ṣí i létí pé ọrùn kì í ṣe ti ìbẹ̀rẹ̀. Àdéhùn náà de àwọn àrólé olóhun, ṣùgbọ́n kò kan àwọn ọmọ olùtà: bí olùtà bá kú, ó parí nìyẹn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ tí kò ní òpin máa ń di wàhálà fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Wọ́n tún kọ ẹni tó máa san owó ìwé àṣẹ. Igi rosewood ilẹ̀ Brazil ni wọ́n sábà fi ṣe ojú ọrùn Fender ọdún wọ̀nyẹn, igi náà sì ti wà lábẹ́ ààbò tó ga jù nínú CITES, àdéhùn àgbáyé tó ń dáàbò bo igi àti ẹranko tó lè run tán, láti 1992. Ìdáǹdè tí wọ́n fún ohun èlò orin ní 2019 kan àwọn rosewood mìíràn, kò kan ti Brazil. Láti gbé e kúrò ní Jámánì wá sí Britain lẹ́yìn títà, ìwé àṣẹ ti ibi tó ti ń jáde àti ti ibi tó ń wọ̀ gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí gìtá tó kúrò nílé, pẹ̀lú ẹ̀rí pé igi náà ti wà ṣáájú òfin. Fọ́tò òǹtẹ̀ ìdí ọrùn ni ẹ̀rí tó dára jù. Ẹni tó bá fi gìtá sínú ọkọ̀ kó tó bèèrè ìwé lè pàdánù rẹ̀ lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù.

Ọrùn oṣù Kẹta ṣì wà níta níbì kan. Kò ní nọ́ńbà, nítorí náà kò sí ìpolówó tí wọ́n lè fi nọ́ńbà wá. Ohun tí wọ́n ń fi wá a ni òǹtẹ̀ náà bó ṣe rí gan-an, 5 MAR 64 C, pẹ̀lú fret tó nípọn. Àpá sìgá lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn E ṣì wà ní ìpamọ́ fún ẹni tó bá ní òun rí i. Nínú àkọsílẹ̀ yìí, a ti yí ibi tó wà padà. Wọ́n ń wá a láàárín àwọn ọrùn tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀, àti lára àwọn Precision tí ara wọn kì í ṣe ti 1964. Wọ́n ti fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn alátùn-únṣe gìtá ní Jámánì àti Netherlands, nítorí àwọn ló ń tú ọrùn lójoojúmọ́, àwọn ló sì ń rí ìdí rẹ̀.